Òwú Lágbọ̀n, Owú Láyà

Òórùn káńfọ̀ ni mo mọ̀ mọ́ aṣọ pupa ọkọ mi yẹn, nítorí èmi fúnra mi ni mo máa ń ju káńfọ̀ sáàárín rẹ̀ kí n tó ká a sínú báàgì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku wọ gbogbo yàrá wa ní Ẹgbẹ́dá, mo gbé aṣọ náà jáde kí n gbọn ọ́n nù, mo sì gbọ́ òórùn mìíràn lábẹ́ ti káńfọ̀. Òórùn ìpara ni. Ó dùn, ó tutù, irú èyí tí imú kì í tètè gbàgbé. Mo gbé ọrùn aṣọ sí imú. Mo gbé irùngbọ̀n òwú tó bá a rìn sí imú pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an ni òórùn náà wá pọ̀ sí jù lọ, bí ẹni pé ọwọ́ tó kún fún ìpara ló ti ń tún un ṣe láti àárọ̀. Èmi kì í fi ìpara olóòórùn para. Òrí ni tèmi láti kékeré. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú irùngbọ̀n lọ́wọ́, mò ń gbóòórùn obìnrin kan tí kò sí nínú ilé.

Ìwọ náà mọ orin tó ti ibẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọdún Kérésì bá ti ń súnmọ́, o ò lè ti Ojóò rìn dé ọjà Ṣáṣá kí o má gbọ́ ọ nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe, nínú máíkírà tí awakọ̀ rẹ̀ ń fọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀ bí orin náà ṣe ń lọ. Ohùn ọkùnrin á kọ́kọ́ kí Bàbá Kérésì kú àrìnkiri, á yìn ín fún bàlúùnù àti bisikíìtì tó ń pín. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin á jáde, bí ẹni tó ti inú yàrá ṣílẹ̀kùn lójijì:

Òwú lágbọ̀n, Bàbá Kérésì, òwú lágbọ̀n,
Owú láyà, ìyàwó rẹ, owú láyà.
O pín ẹ̀bùn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́mọ,
Ta ló jókòó ti ìrẹsì rẹ nílé?

Àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ ohun tí owú ń jẹ́ ń kọ ọ́. Àwọn ìmàle tí kì í ṣọdún Kérésì ń jó o. Àwọn àgbàlagbà á di ìdí aṣọ wọn mú, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ló kọ orin náà. Ohùn obìnrin tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Ọkọ mi ti ń kọrin kó tó fẹ́ mi. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, bí wọ́n bá ṣílé tuntun ní Ẹgbẹ́dá, bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lálúpọn, bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nínú àwọn abúlé tó wà lápá Ọ̀nà-Àrá, òun àti gìtá rẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kò sí ilé tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò sí. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù dé, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn á ṣe iṣẹ́ odidi ẹgbẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ wa ti kúrò nílé, fóònù ọkọ mi kì í dún mọ́ ní ìparí ọdún, gìtá wà lára ògiri, àwa méjèèjì sì ń wo ara wa. Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ohun ìṣeré ọmọdé, ló wá bá a pé àwọn fẹ́ Bàbá Kérésì tó lè kọrin. "Àwọn tó kù kàn ń jókòó bí ère ni," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin, ẹ máa dá àwọn ọmọ lára yá."

Ojú ti ọkọ mi. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó ní, "Èmi? Kí n wá lẹ òwú mọ́ àgbọ̀n ní ọjọ́ ogbó mi?" Èmi ni mo gbà á níyànjú. Mo ní ibi tí wọ́n bá ti pe olórin ló ti ń kọrin. Aránṣọ ni mí. Mo ra àrán pupa, mo rán ẹ̀wù àti ṣòkòtò, mo fi aṣọ funfun gbá etí wọn, mo rán fìlà onígun kan lé e. Mo ra òwú ní kẹ́míìsì, mo fọwọ́ ya á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìkúùkù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ pẹlẹbẹ kan tó ní rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ etí. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, ó wo ara rẹ̀ nínú jígí, ó sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Inú mi dùn. Mo rò pé èmi ni mo dá ayọ̀ náà, nítorí náà tèmi ni.

Ohun tí mi ò rò ni pé Bàbá Kérésì tó ń kọrin gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa gbè é. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè rẹ̀ ló mú lọ, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó ń dá gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù náà. Obìnrin náà ga. Ó ní èjí. Ọrùn rẹ̀ gùn débi pé kò sí ọrùn aṣọ tí èèyàn lè gé tí kò ní yẹ ẹ́. Ojú aránṣọ ni mo fi ń wò ó, ojú aránṣọ kì í sì í parọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lásán, á dà bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Tèmi, bí mo bá ń kọrin nínú ilé, ọkọ mi á ní kí n jọ̀ọ́, kí n kúkú sọ̀rọ̀. Ohùn mi dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sì dùn mí rí àfi ìgbà yẹn.

Ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀ kéékèèké wálé. "Obìnrin yẹn gbọ́ orin." "Obìnrin yẹn nìkan ló lè mú àwọn ọmọ yẹn dákẹ́." Bí mo bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, á ṣí i, á bò ó, á ní, "Mo ti fẹnu kan nǹkan lọ́hùn-ún." Lọ́hùn-ún! Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí tí màá fi fọ abọ́ tán. Níbo ni lọ́hùn-ún? Ta ló bu oúnjẹ náà? Ṣé àwo ni wọ́n fi bù ú ni, àbí ọ̀rá? Ẹni tí kò bá jowú rí kò lè mọ̀ pé irú ìbéèrè báyìí lè gba odidi ọjọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi tí mò ń dín aṣọ fún oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín ti ara mi. Nígbà tí mo wá gbọ́ òórùn ìpara lára irùngbọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi ya, mi ò bi ọkọ mi ní nǹkan kan. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n lè purọ́ fún un. Mo ní màá lọ fi ojú ara mi rí i.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo wọ àǹkárá tó yẹ mí jù, mo sì lọ. Èrò kún iwájú ṣọ́ọ̀bù náà bámúbámú. Àwọn ọmọ wọ awò ojú oníke àti fìlà aláràbarà, àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n má baà kúrò lórí ìlà, sípíkà ń dún, eruku ń sọ. Ọkọ mi jókòó sórí àga ńlá kan tí wọ́n ta aṣọ pupa bò. Obìnrin elégbè náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ọmọ kan á gun orí itan Bàbá Kérésì, á fa irùngbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n á wọ́. Obìnrin náà á bẹ̀rẹ̀, á fi orí ìka tún un tò. Òmíràn á tún fà á, á tún un tò.

Mo ti rí ibi tí òórùn náà ti wá, kò sì sí ohun burúkú kan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló mú kó burú. Ká ní wọ́n ń fara pamọ́ ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n wà. Bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ọkọ mi báyìí, ọkọ mi á gbé àgbọ̀n sókè fún un. Kò wò ó. Kò dá orin tó ń kọ lẹ́nu dúró. Ó kàn ń gbé àgbọ̀n sókè, bí ọkọ ṣe ń ṣe fún ìyàwó tó bá a gbé títí tí wọn ò fi nílò ọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá kan tó pọnmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgúnpá tọ́ mi. "Ẹ wo ìyàwó Bàbá Kérésì," ló wí. "Wọ́n mà bára wọn mu o."

Mo bọ́ sórí ìlà. Mi ò mú ọmọ kankan dání. Bí ìlà ṣe ń lọ ni èmi náà ń lọ, títí mo fi dé iwájú. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ìyá, ọmọ tiyín dà?" Ọkọ mi gbójú sókè, mo rí ojú rẹ̀ láàárín òwú, ó sì rí tèmi.

"Bàbá Kérésì, ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. "Ilé ìmàle ni wọ́n bí mi sí, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn yín. Mo ní ìbéèrè."

"Béèrè, ọmọ mi," ló wí, pẹ̀lú ohùn ńlá tó fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

"Gbogbo ayé lẹ ń pín ẹ̀bùn fún. Ṣé ẹ ò níyàwó ni? Ta ló rán aṣọ ọrùn yín? Ta ló jókòó ti ìrẹsì yín nílé? Òwú tó wà lágbọ̀n yín, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Owú tó wà láyà mi, ta ló lẹ ìyẹn?"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rò pé eré ni, wọ́n rò pé a ti jọ pète rẹ̀ ni. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń pàtẹ́wọ́. Bóyá ẹ̀rù ló ba ọkọ mi o, bóyá èrò ló rí tí ara rẹ̀ yá, mi ò mọ̀. Ó kọjú sí wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mo níyàwó nílé o, ẹ̀yin èèyàn mi!" ló wí. "Òjòwú ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan ń gbá ara wọn mú. Obìnrin elégbè náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, èjí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, ó sì na bàlúùnù kan sí mi bó ṣe ń nà án sí ẹnikẹ́ni tó bá dé iwájú. Mo gbà á. Títí di òní, mi ò mọ ìdí tí mo fi gbà á.

Kó tó darí dé, mo ti di ẹrù mi. Mo wọ ọkọ̀ dé Ìwó Róòdù, mo wọ òmíràn dé Mọ́níyà, mo sì bá ọkọ̀ tó ń lọ sápá Ọ̀yọ́ dé Ìrókò, ilé bàbá mi. Àkókò èlùbọ́ ni. Wọ́n ti sá iṣu gbígbẹ sórí gbogbo ẹní tó wà nílẹ̀, agbolé funfun láti ìdí ògiri dé ìdí kànga, ìyá mi àti ìyàwó kékeré bàbá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bẹ iṣu tó kù. Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó tì wọ́n. A bẹ apẹ̀rẹ̀ iṣu kan tán, ìyá mi gbójú sókè.

"Ó lù ọ́?" ni wọ́n wí.

"Rárá, Màmá."

"Ó lé ọ jáde?"

"Kò lé mi."

"Ó ń fẹ́ obìnrin mìíràn?"

Mo sọ bó ṣe rí. Mo sọ ti ìpara, mo sọ ti àgbọ̀n tó ń gbé sókè. Ìyá mi fi ọ̀bẹ nu etí aṣọ wọn. "Ọdún tí ìyá rẹ kékeré yìí wọlé," ni wọ́n wí, wọ́n fi ẹnu júwe ìyàwó kejì, "mi ò lè gbé òkèlè mì. Kì í ṣe pé bàbá rẹ ń wọ yàrá rẹ̀ ló dùn mí. Mo ti mọ̀ pé á máa wọ̀ ọ́. Ohun tó dùn mí ni pé mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti oko bọ̀, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí."

Ìyá mi kékeré sọ èèpo iṣu lù wọ́n. "Ẹ̀yin náà la ń rẹ́rìn-ín sí, ẹ̀gbọ́n. Ìwà yín pọ̀ tó ohun tí à ń sọ láti oko délé."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá mi wọ̀ mí lára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọkọ mi àti obìnrin yẹn ní ilé kan tí wọ́n jọ ń wọ̀, orin ni orúkọ rẹ̀, mi ò sì ní ohùn tí màá fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an ni ọkọ mi dé. Gìtá wà lẹ́yìn rẹ̀, òwú irùngbọ̀n díẹ̀ ṣì wà lára àgbọ̀n rẹ̀ níbi tó ti bọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tí wọ́n ṣì jókòó sórí ẹní ìkírun wọn.

"Àlàáfíà ni?" ni bàbá mi wí. "Kí ló dé tí ìyàwó yín fi ń bá wa bẹ iṣu nínú ọyẹ́?"

"Bàbá, ẹnu mi ló ṣì mí lọ́nà. Mo pè é ní òjòwú níwájú èrò."

"Ṣé kì í ṣe òjòwú ni?"

"Òjòwú ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n fi pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín."

Bàbá mi wo ìyá mi, wọ́n wo ìyàwó wọn kékeré, wọ́n sì ní kó dìde, ẹjọ́ owú, àwọn kì í dá a nínú ilé yìí. Ọkọ mi dìde. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀bù ò jẹ́ kóun rí ojú oorun, ó ti gba ẹnu òun, òun ò rí orin mìíràn kọ. Ó fa gìtá síwájú, ó jókòó sórí àpótí iṣu, ó sì kọ ọ́ níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí etí kan máa gbọ́ ọ. Òun ló kọ apá ọkùnrin, òun náà ló kọ apá obìnrin. Nígbà tó dé apá obìnrin, ó ha ohùn rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyá mi kékeré fi orí lé orúnkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín já mọ́ èmi náà lẹ́nu, mo sì bínú sí ara mi pé mo rẹ́rìn-ín. Mo bá a padà sí Ẹgbẹ́dá. Mi ò sọ pé mo ti dárí jì í. Mo ní kó ru àpò èlùbọ́.

Nínú ọkọ̀ ló ti sọ pé kò sí nǹkan kan láàárín òun àti elégbè òun. Mo ní mi ò béèrè. Mo gbà á gbọ́. Kò sì dín nǹkan kan kù nínú ohun tó ń ṣe mí.

Ohun tí mi ò ronú kàn ni pé bí wọ́n bá máa gba orin náà sílẹ̀, obìnrin ló máa kọ apá obìnrin. Mo wà nídìí máṣíìnì mi ní ọjọ́ kan nínú ọdún tó tẹ̀ lé e, mò ń rán aṣọ fún oníbàárà kan tó jókòó tì mí, nígbà tí orin náà jáde lórí rédíò. Ohùn ọkọ mi kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìbínú mi, ọ̀rọ̀ mi, owú mi, ó ń jáde lẹ́nu obìnrin tí mo jowú. Orin parí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bú sẹ́rìn-ín, ó bi ọkọ mi pé, "Bàbá, ta gan-an ni Ìyá Kérésì yìí?" Ọkọ mi ní, "Òun náà ló jókòó tì mí níbí." Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà tún gbé orin náà. Oníbàárà mi mi orí. "Ẹ gbọ́ ohùn yẹn," ló wí. "Ọkọ obìnrin yìí ti fojú rẹ̀ rí nǹkan." Mo wa ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì débi pé òwú já.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe obìnrin elégbè náà ní Ìyá Kérésì káàkiri Ẹgbẹ́dá. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí ọkọ̀, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ó sì ń dáhùn. Owú tó dé bá mi nígbà yẹn, èyí tí mo kọ́kọ́ jẹ dà bí eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, nítorí ọkọ mi ni. Ìkejì yìí, nítorí ara mi ni. Wọ́n ti bọ́ ìbínú mi lára mi, wọ́n gbé e wọ ẹlòmíràn, ó sì yẹ ẹ́ ju èmi lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ fi ohùn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mi." Ó wò mí, kò sí yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀ rárá. Ó ní, "Aránṣọ mi, ṣé o fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ ni?"

Nígbà tí Kérésì tún ń bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ mi àti elégbè rẹ̀ kí wọ́n wá kọ orin náà níwájú èrò ní pápá kan ní Ẹgbẹ́dá, ọkọ mi sì ní kí n bá òun rán aṣọ Ìyá Kérésì. Mo gbà. Kì í ṣe inú rere. Mi ò fẹ́ kí aránṣọ mìíràn rán aṣọ tó máa dúró ti èyí tí mo rán. Obìnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo mú téèpù. Mo wọn ọrùn, mo wọn àyà, mo wọn ìbàdí, mò ń wá ibi tí kò dára lára rẹ̀, ìpara yẹn sì ń ta sí mi nímú bí mo ṣe ń yí i ká. Mo rí ọ̀kan. Èjìká òsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, apá rẹ̀ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, "ẹ ò fẹ́ràn mi."

"Gbé apá sílẹ̀," ni mo wí.

Ó gbé e sílẹ̀. "Mi ò dá yín lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín, bó bá tán, ẹ lè máa bínú yín lọ. Ọjọ́ tí a lọ gba orin yẹn sílẹ̀, mo kọ apá tèmi, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọkọ yín ní rárá. Wọ́n ní, 'Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe sọ ọ́. Kó tó pe ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, nílé, ó dúró, ó gbé èémí mì.' Mo tún un kọ. Wọ́n ní mo dúró pẹ́ jù, wọ́n ní ẹ ò dúró tó bẹ́ẹ̀, pé ẹ ń bínú ni, pé ẹ ò fẹ́ kí ẹkún yọ. A wà níbẹ̀ títí ọ̀fun mi fi bó. Gbogbo àwọn onílù ti ń kùn. Ọkọ yín ń fọwọ́ júwe èémí yín fún mi, wọ́n dijú."

Mi ò rántí pé mo dúró. Mi ò rántí pé mo gbé èémí kankan mì. Téèpù ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lórí téèpù.

"Ọkọ tèmi," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kì í ṣe èèyàn búburú. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò mọ ìgbà tí mò ń bínú yàtọ̀ sí ìgbà tí mò ń ronú. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Kérésì níta, mò ń dáhùn, nítorí kò sí orúkọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni ń pè mí tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé, mo mọ̀ pé èmi kọ́. Ẹ ní ẹ ń jowú mi. Èmi tí ẹ ń wọ̀n yìí, láti ọjọ́ tí mo ti kọ orin yẹn ni mo ti ń jowú yín."

Mi ò dì mọ́ ọn. Bí mo bá sọ fún ọ pé a di ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni mò ń pa. Mo ká téèpù, mo ní, "Èjìká òsì rẹ lọ sílẹ̀. Màá fi aṣọ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kò ní hàn." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo rán aṣọ náà bí mi ò ṣe rán aṣọ rí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ní pápá, mo dúró sáàárín èrò, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mí. Mo dúró de ibẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà dé ìparí ẹsẹ̀ orin, kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹni tó gbé nǹkan líle mì. Èrò rò pé ó fẹ́ pa àwọn lẹ́rìn-ín ni, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò wá mi kiri pẹ̀lú ojú. Okùn gìtá rẹ̀ ló ń wò. Mo jowú obìnrin náà ní ìṣẹ́jú yẹn pẹ̀lú, nítorí òun ló dúró síbẹ̀, aṣọ tí mo rán ń tàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń gbọ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Obìnrin náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, bó bá sì di ìparí ọdún, á pè mí lórí fóònù, á ní, "Ìyá Kérésì, ẹ kú ọdún," èmi náà á sì dá a lóhùn. Ohùn ọkọ mi ti rẹlẹ̀. Wọn kì í pè é mọ́, orin rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè. Èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ owú bí àìsàn tó yẹ kí obìnrin gbàdúrà sí. Mi ò gbàdúrà sí tèmi, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Láyé mi, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ gbọ́dọ̀ máa wò ọ́, nítorí náà ni mo ṣe ń ṣọ́ ojú ọkọ mi, ibi tó bá yà sí, èmi náà á yà síbẹ̀. Olórin ni mo fẹ́, mi ò sì mọ̀ pé ojú kọ́ ni olórin fi ń múni dání, etí ni.

Kérésì tó kọjá, ìyàwó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, gbé ìrẹsì ọdún wá fún wa. Orin náà ń dún lórí fóònù rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ọkọ mi ń sùn lórí àga. Ọmọ náà ò mọ̀ pé òun ló kọ ọ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó dúró, ó tẹ́tí sí i, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà jí i.

"Mọ́mì," ló wí, "obìnrin inú orin yìí, ṣé ó ń ṣeré ni, àbí ó ń bínú lóòótọ́?"

"Ó ń bínú," ni mo wí.

"Ọkọ rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Ó gbọ́."